Bí ewé fúrúùtù ṣe kúrò ní gọ́tà wa

Bí ọyẹ́ bá ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, ewé igi fúrúùtù mẹ́ta àdúgbò wa á pọ́n bí ata, wọ́n á sì máa wọ́wé. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ìmọ́tótó. A máa ń gbá a jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Kí ọkọ̀ ìdọ̀tí tó dé, atẹ́gùn á ti gbá a padà sínú gọ́tà. Lọ́dún tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ewé dí gọ́tà, omi wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Ewé gbígbẹ yìí máa ń ká kò, kì í jẹ́ kí àpò gbà. Omi la kọ́kọ́ ń wọ́n sí i báyìí: á rọ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò ìrẹsì lójú ẹsẹ̀. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ń kó o, ó ń fi ṣe ajílẹ̀. Télọ̀ ṣì ń bínú ṣá.