Ẹ Má Bomi Rin Sígà Nínú Òjò: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Títọ́jú Sígà Olówó Ńlá

Láti ìgbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tòun ti sígà rẹ̀, ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ni ó ti gbé àpótí wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí n bá àwọn wò ó bóyá ó ṣì dára. Sígà ni mò ń wí, ewé tábà tí a ká jọ gbọngbọn, kì í ṣe sìgá oníwèé tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, owó tí wọ́n sì ná sí i tó ra àgbò Iléyá. Inú ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ fara dà á fún mi.

Èkíní, ẹ má ra Cohiba, sígà Kùbá olówó ńlá, tí ó wà nínú àpótí tí orí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ayédèrú ni.

Èkejì, ẹ má ka ọdún tí ó wà lára òrùka oníwèé tí wọ́n fi yí sígà ká sí ọjọ́ orí rẹ̀. Láti ọdún 2000 ni Kùbá ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Edición Limitada (ìyẹn, èyí tí wọ́n ṣe níwọ̀nba), tí òrùka dúdú oníwúrà máa ń wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Ẹ dojú àpótí náà dé kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: oṣù àti ọdún tí wọ́n kó o sínú àpótí wà níbẹ̀ ní èdè Sípéènì, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti máa ka ọjọ́ orí rẹ̀. Lóòótọ́ ni pé ewé tí wọ́n fi wé e lóde ti gbó fún ọdún méjì ó kéré tán kí wọ́n tó lò ó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí sígà náà fúnra rẹ̀ ti tó mu. Bí ó bá ń rùn bí ìtọ̀ àná, ẹ dá a padà sínú àpótí.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí jù. Àwọn tí ó kọ ìlànà ìtọ́jú sígà ń gbé ní ilẹ̀ tí òtútù wà, tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé wọn. Ìdí nìyẹn tí humidor, àpótí tí a ń tọ́jú sígà sí, fi máa ń ní kànrìnkàn tí a ń bomi sí. Ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù ní oṣù kẹfà, tí iyọ̀ ń di omi nínú abọ́, tí bàtà aláwọ ń bu lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ni ó tún ń bomi sí? Ọ̀rinrin tí sígà fẹ́ kò ju 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òjò tiwa sì ti ń fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni ọ̀gá nínú ìwà òmùgọ̀ yìí. Mo rin kànrìnkàn gbingbin, mo ti ilé pa, mo sì lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iná ọba lọ, ẹ̀rọ amúlétutù kú. Nígbà tí mo dé, méjì nínú sígà mẹ́wàá ti wú, ewé wọn sì ti là bí èèpo ẹ̀pà tí a sè jù. Àwọn yòókù ní ihò róbótó tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀, nígbà tí mo sì gbọn ọ̀kan sórí ìwé funfun, ìyẹ̀fun tí ó jáde dà bí ti èlùbọ́ tí kòkòrò ti jẹ. Ẹyin kòkòrò náà máa ń bá ewé wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ooru bá ti ń kọjá ìwọ̀n 24 tàbí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹyin náà lè pa. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rá méjì wé sígà tuntun kí ó le, ẹ fi sí fírísà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì gbé e sínú fìríìjì fún ọjọ́ kan kí ó tó jáde síta. Fírísà tí iná rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ kò ka ọjọ́ mẹ́ta o.

Òṣùwọ̀n ọ̀rinrin tí ó bá àpótí wá náà tún máa ń purọ́. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ ta omi díẹ̀ sí i kí ó dà bí iyanrìn tútù, kí ẹ sì dé òun àti òṣùwọ̀n mọ́ inú ike kan di ọjọ́ kejì. 75 ni ó gbọ́dọ̀ kà. Tèmi ka 62, tí ó túmọ̀ sí pé ní gbogbo ìgbà tí mo ń fi 68 yangàn, 81 ni ó wà nínú àpótí. Ike tí rọ́bà wà létí ìdérí rẹ̀ ni mò ń lò báyìí, pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin tí ó sì ń dá a padà, àti pákó kédárì kan. Kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì inú Bíbélì. Ìbátan ọ̀gánwó ni. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń rántí omi.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ìkarùn-ún ni, fìríìjì kì í ṣe ilé sígà: ó ń gbẹ ẹ́, ó sì ń fi òórùn ẹja kún un.

Ẹ má gbé èéfín rẹ̀ mì. Ẹnu ni a fi ń tọ́ ọ wò, kí díẹ̀ sì gba imú jáde. Ẹ má fà á léraléra bí ẹni ń fẹ́ iná, nítorí ó máa ń korò bí ó bá gbóná jù. Ẹ má sì mu ún lórí ikùn òfìfo. Ní Ojúde Ọba kan, mo tan èyí tí ó le láìjẹun àárọ̀, nínú oòrùn, pẹ̀lú agbádá. Kò tíì jó dé ìdajì tí òòyì fi kọ́ mi. Gààrí tútù pẹ̀lú ṣúgà rẹpẹtẹ ni àwọn ẹgbẹ́ mi fi gbà mí, wọ́n sì ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Ẹ má ra ẹyọ kan ṣoṣo kí ẹ wá sọ pé ẹ ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ọdún ń ṣe sí i kò lè hàn sí ẹni tí kò mọ bí ó ṣe rí lákọ̀ọ́kọ́. Mo máa ń tan ọ̀kan lọ́dọọdún, mo sì ń kọ adùn rẹ̀ sínú ìwé. Ní ti àpótí kan, mo kọ “ata àti ilẹ̀ tútù” ní ọdún àkọ́kọ́; ní ọdún kẹta, mo kọ “àgbàdo sísun, kókó, kò ta mọ́.” Ojú ìwé ti àpótí tí mo fi sílẹ̀ lọ sí Èkó kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: “Kòkòrò ti mu.”