Bí mo ṣe wá debug symbols package mi rí

Ẹnìkan fi ìròyìn ránṣẹ́ pé ètò kékeré kan tí mo ń ṣètọ́jú package rẹ̀ (àkójọ fáìlì tí a fi ń gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà) fún Debian, ẹ̀yà Linux kan, máa ń kú lójijì. Ó so backtrace (ìlà àwọn function tí ètò wà nínú wọn nígbà tó kú) tí gdb, irinṣẹ́ ìwádìí àṣìṣe, gbé jáde mọ́ ọn, ṣùgbọ́n `??` ló kún gbogbo ìlà rẹ̀. Kò sí orúkọ function, kò sí nọ́mbà ìlà.

Ó yà mí lẹ́nu, torí láti ìparí 2015 ni debhelper, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe package Debian, ti ń bójú tó debug symbols (ìsọfúnni tó ń jẹ́ kí gdb mọ orúkọ function àti nọ́mbà ìlà) fúnra rẹ̀. gcc, tó ń sọ kóòdù di binary tí kọ̀ǹpútà lè lò, á fi `-g` ṣiṣẹ́ kí symbols lè wà níbẹ̀, `dh_strip` tó jẹ́ ara debhelper á yọ debug symbols kúrò lára binary, á sì dì wọ́n sínú package tí orúkọ rẹ̀ parí sí `-dbgsym`. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an: ẹni tó kàn fẹ́ lo nǹkan kò ní fi dátà gba ẹrù tí kò nílò, ẹni tó sì fẹ́ wádìí àṣìṣe á rí i gbà.

Mo build package náà lẹ́ẹ̀kan sí i: `-dbgsym` kò jáde. Mo wá lo `file` láti yẹ binary wò kí `dh_strip` tó fọwọ́ kàn án rárá. Ó ní "stripped", ìyẹn ni pé a ti yọ symbols rẹ̀. Mo ka log látòkè délẹ̀, àfi bí mo ṣe rí `LDFLAGS = -s` nínú Makefile, fáìlì tó ń sọ bí a ṣe ń build ètò náà. LDFLAGS ni àwọn àṣẹ fún linker, tó ń so àwọn apá ètò pọ̀ di binary; nítorí `-s` yẹn, linker ti da gbogbo symbols nù. Ọjà ti tú kí `dh_strip` tó dé. Ìlà kan náà yìí tún ti pa LDFLAGS tí Debian ń fi sílẹ̀ rẹ́, títí kan `-Wl,-z,relro` tó wà fún ààbò. Èyí gan-an ló dùn mí jù.

Mo fi quilt, irinṣẹ́ fún ṣíṣètò patch, ṣe patch tó yọ ìlà náà, mo sì fi ránṣẹ́ sáwọn tó kọ ètò náà, pé `make install-strip` ló yẹ fẹ́ni tó bá fẹ́ binary kékeré.

Lẹ́yìn náà, `-dbgsym` jáde. `readelf -n` fi Build ID (àmì ìdánimọ̀ binary) kan náà hàn lára binary àti lára fáìlì tó wà lábẹ́ `/usr/lib/debug/.build-id/`, òun ni gdb fi ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Nígbà tí package tuntun wọlé, mo ní kí ẹni náà fi `DEBUGINFOD_URLS` tọ́ka sí debuginfod.debian.net, server tó ń pín debug symbols Debian, kí gdb lè máa wá symbols fúnra rẹ̀.

Backtrace tuntun dé tòun ti orúkọ function àti nọ́mbà ìlà. NULL pointer (pointer tí kò tọ́ka sí ohunkóhun) ni, níbi tí ètò náà ti ń ka fáìlì config tó ṣófo.