Bí a ṣe ń ṣe pool tí yóò jí padà fúnra rẹ̀ nígbà tí dátábéèsì bá dákú

Ètò tó ń lo dátábéèsì kì í ṣí ìsopọ̀ tuntun fún gbogbo ìbéèrè. Ó máa ń tọ́jú ìwọ̀nba ìsopọ̀ sínú pool, á yá iṣẹ́ tó bá nílò rẹ̀ ní ọ̀kan, iṣẹ́ náà á sì dá a padà. Ohun tí à ń wá ni pé bí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí dátábéèsì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bá dákú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tó sì tún jí, kí ètò náà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á kó tún un tàn. Mo gbà pé ẹ ti ní pool tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi gbèdéke sí gbogbo ibi tí ètò ti lè dúró: ìdúró de àyè nínú pool, ìdúró de ìsopọ̀ tuntun, àti ìdúró de èsì. HikariCP, pool kan fún èdè Java, ń fúnni ní ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ti àkọ́kọ́ bí ẹ kò bá yí i padà. Tèmi kì í kọjá 5. Ìkẹta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni Linux, bí wọn kò bá yí ètò rẹ̀ padà, lè máa tún ìsọfúnni fi ránṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ó tó gbà pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ní ìhà kejì.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni kíka àyè. Ká ní àyè 10 ló wà nínú pool. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá béèrè ìsopọ̀, tí kò sì sí èyí tó wà nílẹ̀, pool á kọ́kọ́ yọ àyè kan kúrò nínú ìṣirò, lẹ́yìn náà ni yóò pe olùpèsè kó wá ṣí ìsopọ̀. Bí olùpèsè bá kùnà, dandan ni kí àyè náà padà sínú ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dá a padà, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń gba ìsopọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó ti parí nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, ìsopọ̀ tí wọn kò rí ṣí kò sì lè dé ibẹ̀ láé. Ó dà bí ẹni tó kọ gbèsè sílẹ̀ fún owó tí kò jáde lápò rẹ̀. Lẹ́yìn ìkùnà 10 péré, pool ti gbà pé ìsopọ̀ 10 wà lóde, kò sì sí ẹyọ kan.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé sáfà ti jí, dátábéèsì ń dáhùn, àkọsílẹ̀ àṣìṣe kò sì sọ ju pé àkókò ìdúró ti pé. Wọn á pa ètò, wọn á tún un tàn, gbogbo rẹ̀ á dára, wọn á sì dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo iye tí pool ń pè ní tirẹ̀, kí ẹ sì wo pg_stat_activity, àtẹ tí dátábéèsì PostgreSQL fi ń to àwọn ìsopọ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀: bí pool bá ní ìsopọ̀ 10 wà lóde, tí sáfà kò sì rí èyíkéyìí láti ọ̀dọ̀ ètò yín, àyè ló ń jò.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ìlà tó ń dá àyè padà wà ní gbogbo ọ̀nà tí pípe olùpèsè lè gbà parí láìmú ìsopọ̀ bọ̀. Ẹ má dúró de oríṣi àṣìṣe kan ṣoṣo bíi SQLException, tí Java fi ń sọ àṣìṣe dátábéèsì, torí pé àṣìṣe mìíràn lè gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹ rántí iṣẹ́ tí a pa tì pẹ̀lú: ẹni tó ń dúró lè ti lọ kí ìsopọ̀ rẹ̀ tó dé, irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú pool tàbí kí a tì í. Lẹ́yìn tí àyè bá ti padà, ẹ jí ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró kó lọ gbìyànjú fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá jí i, yóò máa dúró de ìsopọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ẹ̀yin tó ń kọ JavaScript, ẹ má ṣe fi Promise (ohun tó ń dúró fún èsì tí kò tíì dé) tó ti kùnà pamọ́, nítorí ìkùnà kan yẹn ni yóò máa dá gbogbo ẹni tó bá tún béèrè lóhùn.

Àwọn ìsopọ̀ tó wà nínú pool kí sáfà tó dákú ti di òkú. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó yá wọn jáde: isValid wà nínú JDBC ti Java, pool_pre_ping sì wà nínú SQLAlchemy ti Python, nítorí náà kò sí ìdí láti máa fọwọ́ kọ SELECT 1, ìbéèrè kékeré tí a fi ń wò bóyá dátábéèsì ń dáhùn.

Nípa títún gbìyànjú, ẹ ya àṣìṣe tó ń kọjá lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní lọ. PostgreSQL máa ń fi kóòdù 57P03 sọ pé òun kò tíì lè gba ìsopọ̀, bí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Ẹ dúró dè é. Kóòdù 28P01 ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà, kò sì sí iye ìgbìyànjú tó lè tún ìyẹn ṣe. Mílísẹ́kọ́ǹdì 100 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, n ó máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí dé ìṣẹ́jú àáyá 2, láìkọjá gbèdéke 5 yẹn, n ó sì fi iye àìròtẹ́lẹ̀ bù ú kù, kí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ètò má baà ya lu sáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ìdánwò, dídá dátábéèsì dúró nìkan kò tó, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó wà láàyè yóò kọ ìsopọ̀ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ ló le jù. Toxiproxy, ètò tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ fún ìdánwò, wà fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìlà kan nínú iptables, ògiri ààbò Linux, tó ń ṣe DROP (kó sọ ìsọfúnni nù láìdáhùn) sí port 5432 tí PostgreSQL ń lò ti tó mi. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, ẹ rán ìbéèrè tó ju iye àyè pool lọ, ẹ pa díẹ̀ nínú wọn tì, kí ẹ wá yọ ìlà náà kúrò. Sáfà lè ṣì máa ka àwọn ìsopọ̀ àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pool ló ń pe iye tó ju èyí tó wà nínú pg_stat_activity lọ, ẹ padà sí kíka àyè.