Ẹbí wo ni alángbá yìí ti wá? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Fọ́tò kan náà ni wọ́n máa ń fi hàn mí: alángbá lórí àpáta, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló hàn, wọn á ní kí n bá àwọn sọ ẹbí rẹ̀, ìyẹn ìdílé tí àwọn onímọ̀ pín in sí. Ojú kò hàn, ìka kò hàn, àwọ̀ nìkan ló hàn kedere. Àwọ̀ yìí gan-an ló sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alángbá fúnra rẹ̀ kò lè sú mi, ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Orí ọ̀kan pupa, àwọn yòókù rí bí eruku. Ṣé ẹbí kan náà ni wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹbí kan náà ni. Baálé wọn lẹ̀ ń wò yẹn. Láàárín àwọn alángbá tí wọ́n ń pè ní Agama, akọ tó bá jọba lórí àgbègbè kan ló máa ń ní orí pupa àti ara aró. Abo àti àwọn akọ tí kò tíì rí àyè tiwọn á wà ní àwọ̀ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí tí ẹ̀rù bá bà á, orí pupa ọ̀hún náà á ṣá. Ẹ má fi àwọ̀ mú ẹbí mọ́.

Ìbéèrè: Ara rẹ̀ ń yọ̀, kò ní ìpẹ́, kò ní èékánná.

Ìdáhùn: Kì í ṣe alángbá. Salamander ni, ìbátan ọ̀pọ̀lọ́.

Ìbéèrè: Ojú kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn.

Ìdáhùn: Ọ̀gà ni, ìyẹn agẹmọ, ẹbí Chamaeleonidae. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ìka méjì lẹ̀ pọ̀ sápá kan, mẹ́ta sápá kejì, bí ẹ̀mú. Ó tán.

Ìbéèrè: Ó tóbi, ahọ́n rẹ̀ là sí méjì bíi ti ejò. Ṣé awọ́nríwọ́n ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Ẹ wo orí rẹ̀. Ti awọ́nríwọ́n, ìyẹn Varanidae, ìpẹ́ orí rẹ̀ kéékèèké ni, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Bí ìpẹ́ orí bá fẹ̀ bí àwo pẹlẹbẹ, Teiidae ni. Àwọn yẹn náà ní ahọ́n tó là, Amẹ́ríkà sì nilé wọn.

Ìbéèrè: Ó ń gun ògiri. Ọmọńlé ni, àbí?

Ìdáhùn: Alángbá tí èékánná rẹ̀ mú náà ń gun ògiri. Ẹ fi í sínú ìgò, kó fẹsẹ̀ tẹ dígí, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ìka rẹ̀ láti ìta. Bí ẹ bá rí ilà wẹ́wẹ́ tó tò léra bí ojú ewé ìwé, ó jọ ọmọńlé. Àwọn alángbá kan tó ń jẹ́ Anolis náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣẹ́jú. Ọmọńlé kì í ṣẹ́jú. Awọ mímọ́ kan ló bo ojú rẹ̀, ahọ́n ló fi ń nù ún. Àyàfi ìbátan rẹ̀, Eublepharidae, tó ń ṣẹ́jú, tí abẹ́ ìka rẹ̀ sì wà lásán.

Ìbéèrè: Kì í ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò jọ ọmọńlé rárá.

Ìdáhùn: Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì, torí ó dá mi lóró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo rí alángbá kékeré kan lábẹ́ ewé gbígbẹ, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Mo fi sínú ìgò, mo tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Kò ṣẹ́. Mo kọ "Gekkonidae", ìyẹn ẹbí ọmọńlé, sínú ìwé mi, mo pa á dé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo rí i pé kò sí ilà kankan lábẹ́ ìka rẹ̀. Mo ní kò burú, àwọn ọmọńlé kan wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé ọmọlójú rẹ̀ rí róbótó, kò là tínínrín bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọńlé tó ń rìn lóru. Mo ní kò burú, àwọn tó ń rìn lọ́sàn-án máa ń rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ta kò mí ni mo ń wá àwáwí fún. Bẹ́ẹ̀ ara ẹran náà ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á, n kò sì kà á sí.

Ọjọ́ kẹta ni mo fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo orí rẹ̀. Orí ọmọńlé máa ń rí bí iyanrìn, hóró kéékèèké. Tèyí, àwo pẹlẹbẹ ńlá ńlá ni, tọ̀tún tòsì dọ́gba, wọ́n wọnú ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ó wá ku ẹbí méjì lọ́wọ́ mi, Scincidae, àwọn alángbá tí ara wọn ń dán, àti Lacertidae, torí nínú Lacertidae náà, irú kan tó ń jẹ́ Ophisops wà tí kì í ṣẹ́jú. Mo gbé ìgò sókè, mo wo ikùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ti Lacertidae, ìpẹ́ ikùn a máa fẹ̀, a máa tò gbọọrọ bíi bíríkì, ihò tín-tìn-tín á sì tò sábẹ́ itan. Tèyí kò ní ihò kankan. Ìpẹ́ ikùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, wọ́n gun ara wọn lé bíi ti ẹja. Scincidae ni.

Nínú ẹbí yìí, àwọn bí Ablepharus wà tí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wọn ti gòkè lọ lẹ̀ mọ́ ti òkè, ó sì mọ́ gaara bíi fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wòta. Mo fa igi lé Gekkonidae. Láti ìgbà náà, n kì í dárúkọ ẹbí tí ojú, orí àti abẹ́ ìka kò bá tíì fẹnu kò.

Ìbéèrè: Agama ni àbí iguana?

Ìdáhùn: Eyín ló yà wọ́n: ti Agamidae, ẹbí Agama, lẹ̀ mọ́ góńgó egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti Iguanidae, ẹbí iguana, fara ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ẹnu ẹran aláàyè. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti mú un: nínú igbó, Agamidae wà ní Áfíríkà, Éṣíà àti Ọsirélíà, Iguanidae wà ní Amẹ́ríkà, Fiji àti Tonga. Bó bá jẹ́ ẹran ọ̀sìn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀, ẹ wo abẹ́ itan: iguana ní ihò tó tò síbẹ̀, ọ̀pọ̀ Agamidae kò ní. Ṣùgbọ́n irú kan tó ń jẹ́ Uromastyx ní in, Agamidae sì ni. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ gbé e lọ bá onímọ̀.

Ìbéèrè: Kò lẹ́sẹ̀. Ṣé ejò ni?

Ìdáhùn: Bó bá ń ṣẹ́jú, tó sì ní ihò etí, kì í ṣe ejò. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní wọn, ìyẹn kò sọ ọ́ di ejò: àwọn alángbá aláìlẹ́sẹ̀ kan wà, Pygopodidae kì í ṣẹ́jú, Feylinia kò ní ihò etí. Ẹ ò sì lè rí ihò etí láìsún mọ́ ọn débi tí ejò olóró ti lè bù yín jẹ. Ẹ ya fọ́tò orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ dúró lókèèrè, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ ejò mú. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì pa á.