Angry with, full of: bí a ṣe ń mọ atọ́kùn tó ń bá ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì rìn

Ọmọ tó kọ “I am angry to my brother” sínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe olódo. Yorùbá ló gbọ́ràn sí lẹ́nu: ó bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, “sí” sì jọ “to” lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ “with” ni atọ́kùn (preposition, ọ̀rọ̀ kékeré bíi “to”, “of” àti “with”) tó ń bá “angry”, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe (adjective), rìn. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà ti ń wá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jókòó ti ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kí ẹ máa há wọn sórí láti A dé Z. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń ṣì yín lọ́nà, kí ẹ kọjú sí i.

“Sí” ni ká kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ń tan ènìyàn jù. Ó bínú sí mi: “angry with me”. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ló bí ènìyàn nínú, “angry about” ni: “The drivers are angry about the price of petrol.” Mo nífẹ̀ẹ́ sí i: “interested in it”. Ìbàdàn yàtọ̀ sí Èkó: “Ibadan is different from Lagos.” Ẹ lè gbọ́ “different to” lẹ́nu ará ìlú Ọba, kí ẹ gbọ́ “different than” lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọn kì í ti gba “from”, òun ni kí ẹ mú wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. “Sí” máa ń bá “to” mu nígbà mìíràn o: “kind to me”, “rude to the teacher”. Torí pé ó ń tọ̀nà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkàn fi ń gbẹ́kẹ̀ lé e níbi tí kò tọ̀nà.

“Fún”, “pẹ̀lú” àti “fi” náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tiwọn. Ọjà Bódìjà kún fún èrò: “Bodija Market is full of people”, kì í ṣe “full with”. Ohun tó ń da èyí rú ni “filled”, tó ń gba “with” ní tirẹ̀: “The lorry was filled with yams.” Ẹ kọ méjèèjì sí orí ìlà kan náà, kí ojú yín máa rí ìyàtọ̀ wọn. Ó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀: “equal to it”. Ó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn: “proud of her child”. Ìbàdàn gbajúmọ̀ nítorí Cocoa House: “famous for Cocoa House”.

“Jù” ló ń bí “He is senior than me”, tó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Senior, junior, superior, inferior àti preferable, “to” ni gbogbo wọn ń gbà. “Older” ló ń gba “than”.

Àwọn kan sì wà tí Yorùbá kì í fi ohunkóhun sí láàárín. Ó fẹ́ dókítà: “She is married to a doctor.” Bí ẹ bá kọ “married with a doctor”, àṣìṣe ni, bẹ́ẹ̀ “married with three children” tọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó wà nílé ọkọ, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Ó ń jowú mi: “jealous of me”. Inú ìbéèrè ni irú èyí ti ń le jù. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Kò sí atọ́kùn nínú rẹ̀, ìyẹn ló fi ń rọrùn láti kọ “What are you afraid?” kí a sì dúró síbẹ̀. “What are you afraid of?” ni. “Who is she married to?” ni. Ẹ máa wo ìparí ìbéèrè kí ẹ tó fi àmì sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo “good” dáadáa, torí mẹ́rin ló ń bá a rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ó mọ ìṣirò: “good at Mathematics”. “Good in Mathematics” ni a máa ń gbọ́ káàkiri, àmọ́ “at” ni ìdánwò ń fẹ́. Ewédú dára fún ara: “Ewedu is good for the body.” Ìyá àgbà ṣe mí dáadáa: “Grandma was good to me.” Ọwọ́ rẹ̀ tu ọmọdé lára: “good with children”.

Nígbà mìíràn, Yorùbá gan-an ló máa ń là wá lójú. “Ó rẹ̀ mí” àti “ó sú mi” kì í ṣe ọ̀kan náà, Gẹ̀ẹ́sì sì fi atọ́kùn ya wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ló mú kó rẹ̀ ọ́: “tired from working”. Ẹ̀bà ti sú ọ: “tired of eba”. Àánú rẹ̀ ṣe mí: “sorry for him”. Ẹ má bínú nítorí ariwo náà: “sorry about the noise”. Ẹ bi ara yín pé èwo ni Yorùbá yóò sọ, atọ́kùn yóò jáde.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé atọ́kùn, ó gbọ́dọ̀ ní “-ing” nídìí: “good at cooking”, “capable of winning”. “To” ló ń ṣe wàhálà níbí. Ó ti mọ́ mi lára láti jí ní aago márùn-ún: “I am used to waking up at five.” Bí ẹ bá yọ “am” kúrò, tí ẹ sì kọ “I used to wake up at five”, ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti jáwọ́.

Ó kan ọ̀nà tí ẹ ó fi kọ́ ọ. Ẹ gé páálí sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ kọ odidi gbólóhùn Yorùbá sí ojú kan, kí ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀yìn. Ẹ má kọ “afraid” pẹ̀lú àlàfo síwájú, nítorí Yorùbá tó wà lọ́kàn ló ń fa àṣìṣe, òun ló yẹ kí ẹ máa bá pàdé. Márùn-ún lójúmọ́ tó. Ẹ má kọ́ “good at” àti “good for” lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á dàrú mọ́ra; ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí àárín wọn. Tí ọ̀rọ̀ kan kò bá dá yín lójú, ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ atọ́kùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè yẹ páálí náà wò nínú takisí Micra láti Challenge dé Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ keje, bíírò àti ìwé ni kí ẹ fi dán ara yín wò. Gbígbọ́ nìkan kò tó: bí oníròyìn bá ń ka “afraid of it” lórí rédíò, ó máa ń gbé “of” mì débi pé etí lè má gbọ́ ọ rárá. Ẹ po ọgbọ̀n páálí ọjọ́ mẹ́fà náà pọ̀, kí ẹ ka Yorùbá, kí ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ẹ bá ṣì, ẹ dá a padà sáàárín ti ọ̀sẹ̀ tuntun. Èyí tí ẹ bá gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ẹ kó o sí apá kan di ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Fún ẹni tó ń múra UTME (ìdánwò JAMB), ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English. Bí ẹ bá dé ibi àlàfo tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ mú atọ́kùn tiyín wá láti inú orí, kí ẹ tó ṣí wọn wò.