Ọdún kan ìgbáradì fún ultramarathon orí òkè, fún ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń sáré pọ̀

Eré yòówù tó bá ti gùn ju kìlómítà 42.195 ti eré ẹlẹ́mìí ẹṣin lọ, ultramarathon ni. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kìlómítà 50, 80, 100 àti 160. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi kìlómítà nìkan díwọ̀n eré orí òkè ń tan ara rẹ̀ jẹ. UTMB (Ultra-Trail du Mont-Blanc), ìdíje tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Chamonix, tó sì ń yí òkè Mont Blanc po gba ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Switzerland, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 170. Ohun tó ń dá àwọn asáré dúró níbẹ̀ ni nǹkan bíi mítà 10,000 tí wọ́n gbọ́dọ̀ gùn sókè, kí wọ́n sì tún sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yí ìṣirò yín padà láti ọjọ́ kìíní. Ẹ kó gbogbo mítà tí ẹ gùn sókè jọ, ẹ fi 100 pín in, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ kún kìlómítà. Kìlómítà 30 tó ní mítà 2,000 ìgòkè nínú jẹ́ iṣẹ́ bíi 50 lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín, ohun méjì ni kí ẹ máa kọ: wákàtí tí ẹ lò àti mítà tí ẹ gùn. Bí ẹ ṣe yára tó lórí òkè kì í sọ nǹkan kan, nítorí òkè méjì kì í rí bákan náà.

Ìdíje kan ni olórí ọdún

Ẹ yan ìdíje àgbà kan ṣoṣo, kí ó bọ́ sí nǹkan bí oṣù 11 sí ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ka kàlẹ́ńdà padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ìdánrawò ni gbogbo ìdíje yòókù. Bàtà, oúnjẹ àti iná orí (iná tí a ń so mọ́ iwájú orí) ni kí ẹ fi wọ́n dán wò. Ẹ má sá wọn bí ẹni tó fẹ́ gba ife. Kìlómítà 25 sí 30 ní oṣù 5 tàbí 6, lẹ́yìn náà 50 ní oṣù 8, tó fún ẹni tó ń lọ sá 100 ní oṣù 11. Ohun tó máa ń ba ọdún jẹ́ fún ọ̀rẹ́ ni pé bí ẹnì kan bá ti forúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn á tẹ̀lé e. Kí ọdún tó dé ìdajì, ìdíje márùn-ún ti so mọ́ wọn lọ́rùn, ẹsẹ̀ ò sì ráyè sinmi.

Àwọn ìdíje ńlá kì í gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá. Western States ní California, Hardrock ní Colorado àti UTMB, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́ láti fi yan ènìyàn, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti parí eré mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, orúkọ ẹnì kan lè jáde kí ti mẹ́ta má jáde. Ẹ sọ ọ́ kí gègé tó ṣẹ́: ṣé ẹni náà yóò lọ, kí àwọn yòókù di alátìlẹ́yìn rẹ̀, àbí ẹ ó jọ wá ìdíje mìíràn? Ẹ ka òfin kí ẹ tó pín iṣẹ́. Western States gbà kí asáré ní ẹni tí yóò máa bá a sáré láti ibùdó Foresthill, ní máìlì 62 (nǹkan bíi kìlómítà 100). UTMB kò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí oṣù ṣe ń tẹ̀lé ara wọn

Oṣù 1 sí 3, ẹ rọra. Eré mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lápapọ̀, ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀ láìsí mímí gúlegúle. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dín ọ̀sẹ̀ kẹrin kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí ni àwọn alágbára máa ń fò, òun náà ló sì máa ń padà gbẹ̀san lára gìgísẹ̀ àti orúnkún.

Ní ìgbà yìí kan náà, ẹ fún ẹsẹ̀ lágbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ dúró lórí àpótí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ fi ẹsẹ̀ kan rọra sọ ara kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta títí gìgísẹ̀ kejì yóò fi kan ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ìpele kan pẹ̀lú orúnkún títọ́, ìpele kan pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, nítorí iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun kì í ṣe ẹyọ kan.

Oṣù 4 sí 6 ni ti òkè. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta gun òkè pẹ̀lú agbára, kí ẹ rọra sọ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà sí mẹ́jọ. Ibi tí kò bá sí òkè, àtẹ̀gùn ilé gíga tàbí ẹ̀rọ ìsáré tí a gbé sókè dé ìdá 12 sí 15 nínú 100 yóò ṣe é. Oṣù 7 sí 9, ẹ so ọjọ́ méjì pọ̀: wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ní Sátidé, méjì sí mẹ́ta ní Sọ́ńdè lórí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. Ẹsẹ̀ yóò mọ bí ìdajì ìkẹyìn ìdíje ṣe ń rí, láìjẹ́ pé ẹ sá eré wákàtí mẹ́jọ tí yóò gbà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó padà bọ̀ sípò. Ó kéré tán, kí ẹ̀ẹ̀mejì nínú wọn jẹ́ alẹ́. Oṣù 10 ni iṣẹ́ pọ̀ jù. Eré gígùn ìkẹyìn gbọ́dọ̀ parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Láti ibẹ̀, ẹ máa dín iye wákàtí kù.

Gígùn àti sísọ̀

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Bí òkè bá ti ga ju mítà 15 lọ nínú gbogbo mítà 100, rírìn kíákíá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá sísáré dọ́gba, agbára tó ń jẹ sì kéré. Ẹ fi ọwọ́ ti itan, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ìbàdí. Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá, kí ó gùn tó pé ìgbọ̀nwọ́ yín ṣe igun 90 nígbà tí ṣóńṣó rẹ̀ bá kan ilẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ láàárín òkúta, ẹ yọ ọwọ́ kúrò nínú okùn rẹ̀, nítorí bí ọ̀pá bá há, ọrùn-ọwọ́ ni yóò san án. Àwọn ìdíje kan kò gba ọ̀pá rárá.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń fọ́ ènìyàn, kì í ṣe ìgòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì: ó ń fà gùn ní àkókò kan náà tó ń gbìyànjú láti sún kì. Iṣẹ́ yìí ló ń ya fọ́nrán iṣan wẹ́wẹ́, tí itan fi ń dun ènìyàn lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Ó dára pé iṣan kì í gbàgbé: ìsọ̀kalẹ̀ líle kan ń dáàbò bo itan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ sọ òkè gígùn ní gbogbo ọjọ́ 10 sí 14, kí ti ìkẹyìn bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Ẹni tó kàn ń gun òkè nínú ìdánrawò, tó wá ń fi mọ́tò sọ̀ padà, itan rẹ̀ yóò kọṣẹ́ kí eré tó dé ìdajì.

Bí a ṣe ń sọ̀ kò le: ìgbésẹ̀ kúkúrú tó yára, ojú sí ilẹ̀ mítà mẹ́ta sí márùn-ún níwájú, apá ní títẹ́. Ẹ má fẹ̀yìn sẹ́yìn. Ìbẹ̀rù ló ń fà á, òun gan-an ló sì ń mú kí gìgísẹ̀ yọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fa okùn bàtà le ní ọrùn-ẹsẹ̀, kí ọmọ ìka má bàa máa gbá iwájú bàtà. Èékánná tó dúdú lẹ́yìn ìdíje, ibí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé èékánná ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ ra bàtà tó fi ìdajì nọ́ńbà tóbi ju ti ojoojúmọ́ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú. Bí ibì kan bá ti ń gbóná nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ dúró, ẹ gbọn yanrìn jáde, ẹ fi téépù bò ó lójú ẹsẹ̀. Ìléròrò tí a bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dènà kì í gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa.

Oúnjẹ, omi, iyọ̀

Ikùn náà nílò ìdánrawò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 30 sí 40 kábọ̀háídíréètì (èròjà oúnjẹ tó ń fún ara lágbára) ní wákàtí kan, kí ẹ máa gbé e lọ sókè láàárín oṣù díẹ̀ dé 60, àwọn kan dé 90. Gúlúkóòsì nìkan kì í fẹ́ kọjá nǹkan bíi 60, nítorí ọ̀nà tó ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń kún. Fructose, ṣúgà inú èso, ní ọ̀nà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdàlù àwọn méjèèjì fi ń gba ènìyàn kọjá ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí aago máa dún ní gbogbo ìṣẹ́jú 20 tàbí 30. Tí ẹ bá dúró de ebi, ó ti pẹ́ jù. Ẹ mú ohun oníyọ̀ dání pẹ̀lú, torí lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́jọ, ohun dídùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ni lẹ́nu.

Bí èébì bá dé, ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti kúrò níkùn lọ sí ẹsẹ̀ àti awọ ara, tàbí pé ohun dídùn pọ̀ ju omi lọ. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ tu ara, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ẹnu kan.

Omi tí ọ̀pọ̀ ń fẹ́ wà láàárín mílílítà 400 sí 800 ní wákàtí kan. Òùngbẹ ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà. Omi àmujù léwu ju bí àwọn asáré ṣe rò lọ: ó ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù jù. Bí ìka ọ̀rẹ́ yín bá wú, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, ẹ má fún un lómi sí i, ẹ pe àwọn oníṣègùn. Ẹ má lo ibuprofen, oògùn ìrora, nígbà eré. Ó ń ni kíndìnrín tó ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára. Ìtọ̀ tó dúdú bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú túmọ̀ sí pé iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ dá eré dúró.

Òfin ẹgbẹ́ lórí òkè

Ẹni tó lọ́ra jù ló ń díwọ̀n eré ìdánrawò gígùn. Ní gbogbo oríta, ẹni iwájú á dúró títí ẹni ẹ̀yìn á fi dé; ẹni ẹ̀yìn kì í sì í ṣe ẹni tó rẹ̀ jù, ẹnì kan tó lágbára ni, tó gbé àpò ìtọ́jú ọgbẹ́. Fáìlì GPX (àwòrán ọ̀nà tí fóònù lè tẹ̀lé) wà nínú fóònù méjì, ó kéré tán. Ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti wákàtí tí yóò pariwo bí kò bá gbọ́ yín. Ẹ yan wákàtí tí ẹ ó yí padà nígbà tí ẹ ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ má yan án lórí góńgó.

Ojú ọjọ́ ń fi nǹkan bí ìdíwọ̀n 6.5 Celsius tutù sí i ní gbogbo mítà 1,000 tí ẹ bá gùn sókè. Ìdí nìyẹn tí UTMB fi ń béèrè aṣọ òjò tó ní ìbòrí, iná orí méjì pẹ̀lú bátìrì àfipamọ́, ohun èlò tó lè gba omi lítà kan, fèrè, àti aṣọ ìbora onífọ́ìlì tó fẹ̀ tó mítà 1.40, tó sì gùn tó mítà 2. Ẹ gbé wọn fún ìdánrawò pẹ̀lú, kí èjìká mọ̀ wọ́n. Ìró fèrè mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n, ni àmì ìpè fún ìrànwọ́ lórí òkè. Mẹ́ta ni ìdáhùn. Bí àrá bá sán kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé lẹ́yìn mànàmáná, ẹ kúrò ní góńgó kíá, ẹ má sì padà títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá láìsí àrá.

Ọjọ́ ìdíje

Ẹ pinnu kí ọjọ́ tó pé bóyá ẹ ó jọ sá a tàbí oníkálukú ni. Èrò wa ni pé àfi bí ìwọ̀n eré yín bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí oníkálukú sá tirẹ̀: ẹni tó lọ́ra á fi kìlómítà 20 àkọ́kọ́ jó agbára rẹ̀ tán, ẹni tó yá á máa tutù ní dídúró. Gbèdéke àkókò kì í dúró de ọ̀rẹ́. Ẹ kọ ti ibùdó kọ̀ọ̀kan (ibi tí asáré ti ń rí omi àti oúnjẹ lójú ọ̀nà) sórí ìwé kékeré, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ fẹ́ dé ibẹ̀. Kí ẹ tó wọ ibùdó, ẹ ti mọ ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Àga ló ń jẹ àkókò jù.

Ní òru, ojú lè máa rí ohun tí kò sí, òkúta á dà bí ẹni tó lóṣòó. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ewu. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè dá ìbéèrè lóhùn, kí ó sun ìṣẹ́jú 10 sí 20 níbi tó gbóná, kí ẹnì kan sì jí i. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ní kí ẹ fi eré sílẹ̀, ẹ jẹun, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ìfarapa, ẹ fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìdíje kí ẹ tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò máa wá yín kiri lórí òkè lóru.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láìsáré, rírìn nìkan, kí ìdíje mìíràn má sì súnmọ́ fún oṣù kan ó kéré tán. Bí itan bá ṣì ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń sọ àtẹ̀gùn ilé, àsìkò àti padà sáré kò tíì tó.