Bí mo ṣe ya ojú Hardwick Hall, ilé tí fèrèsé ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ògiri lọ

Mò ń lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ya ilé, iṣẹ́ tí tíṣà wá gbé fún wa ni pé kí kálukú lọ mú ilé àtijọ́ kan tí òfin ń dáàbò bò, ká ya ojú ẹ̀, ká sì ṣàlàyé bóyá inú ẹ̀ bá ohun tí ìta ń sọ mu. Hardwick Hall ní Derbyshire, ní England, ni mo mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba títì márosẹ̀ M1 kọjá lápá ibẹ̀ á ti rí i rí, orí òkè ló wà, ó kàn dá dúró síbẹ̀ bí ọba.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá orúkọ ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí òfin ń ṣọ́ ní England, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpele mẹ́ta ló wà, Grade I, Grade II* àti Grade II, Grade I tó ga jù ni Hardwick wà. Ilé tó bá ti wọ ìwé yẹn, èèyàn ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó yọ fèrèsé kan lára ẹ̀ láìgbàṣẹ o, ẹjọ́ ọ̀daràn ni.

Obìnrin ló kọ́ ọ. Elizabeth Talbot lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ Bess of Hardwick ni gbogbo ayé ń pè é, torí ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ní ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ. Ọkọ mẹ́rin ló fẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì kú fi í sílẹ̀, ìkẹyìn wọn ni ìjòyè kan, Earl of Shrewsbury, tó kú lọ́dún 1590. Ìjà ti wà láàárín àwọn méjèèjì kó tó kú, Bess ti padà sílé bàbá ẹ̀, ó sì ti ń tún ibẹ̀ kọ́. Ìyẹn ò tíì parí o, nígbà tó fi tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú 1590 yẹn kan náà! Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. 1597 ló kó wọlé tuntun. Robert Smythson ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ya pílánù ẹ̀, ilé àkọ́kọ́ sì ti di àwókù báyìí, ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ, èmi àti àǹtí mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, tí wọ́n ti ta aṣọ ní Gbági ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo jókòó níwájú ilé, mo fa ìlà fún àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pín in dọ́gba-dọ́gba, mo wá to fèrèsé sínú ẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó jọ ilé ìwé. Kò jọ Hardwick rárá. Àǹtí wo ìwé ọwọ́ mi, wọ́n wo ilé, wọ́n ní, "Tòkè mà ga ju tìsàlẹ̀ lọ, ṣé o ò rí i ni?" Mo ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti rí i báyìí." Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Bí ilé yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ wà fún àwọn ìránṣẹ́ àti iṣẹ́ ilé, fèrèsé ibẹ̀ kúrú, àjà àárín ni Bess fúnra ẹ̀ ń gbé, ti ibẹ̀ ga díẹ̀ sí i, òkè pátápátá wá ni pálọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gba àwọn àlejò pàtàkì, fèrèsé ibẹ̀ ló ga jù. Dígí wọ́n gan-an láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fi dígí bo odindi ilé, owó ló ń fi hàn yẹn, àmọ́ Bess ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe dígí tirẹ̀, orí ilẹ̀ ẹ̀ náà ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mọ́ mi jù. Nígbà tá a wọlé, mo ń ka fèrèsé láti inú, mo fi ń wé àwòrán ọwọ́ mi, iye ẹ̀ ò bára mu. Mo tún un kà, kò bára mu síbẹ̀. Mo wá bi ìyá àgbà kan tó ń ṣọ́ yàrá níbẹ̀, wọ́n ní àwọn kan nínú wọn kì í ṣe fèrèsé tòótọ́, ihò èéfín ló wà lẹ́yìn dígí, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé fèrèsé kan ṣoṣo ni lójú ìta, àmọ́ yàrá méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, ló ń pín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lò. Torí kí apá òsì lè bá apá ọ̀tún dọ́gba ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ihò èéfín, inú ògiri nípọn àárín ilé ni wọ́n gbé e gbà, ìyẹn ni ògiri ìta fi ráyè gba dígí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

A gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sókè, ó ń yí lọ yí bọ̀, kò yára débì kankan, títí tá a fi wọ High Great Chamber, pálọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gba àlejò yẹn. Òkè ògiri ibẹ̀ yí ká jẹ́ igbó tí wọ́n fi pílásítà mọ, wọ́n kùn ún lọ́dà, igi, ẹran ìgbẹ́, Diana tó jẹ́ òrìṣà ọdẹ sì jókòó sáàárín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Long Gallery, yàrá gbọọrọ kan, gígùn ẹ̀ lé ní 50 mítà. Ṣùgbọ́n ó ṣókùnkùn! Ilé tí wọ́n kọ́ torí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wá fa aṣọ bo fèrèsé. Ó bí mi nínú díẹ̀, mo fẹ́ máa ráhùn, Àǹtí ní kí n dákẹ́, wọ́n ní oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ aṣọ, àwọn náà kì í gbé aṣọ òkè síta ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Aṣọ àfikọ́ògiri mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, ìtàn Gídíónì inú Bíbélì ni wọ́n hun sára wọn. Sir Christopher Hatton, ìjòyè kan láàfin Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ni wọ́n kọ́kọ́ hun ún fún, Bess rà á lọ́dún 1592 lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kú, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ yọ £5 kúrò nínú owó ẹ̀ torí pé àmì ìdílé Hatton ló wà lára ẹ̀, ó máa náwó kó tó fi tiẹ̀ bò ó. Wọ́n sì yọ ọ́! Ẹ wá wo ẹ̀rín lẹ́nu Àǹtí mi. Wọ́n ní, "Ọlọ́jà ni màmá yìí." Ọdún 24 ni wọ́n fi tún àwọn aṣọ yẹn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 2023 ni wọ́n parí ẹ̀.

Ìran Bess, àwọn Duke of Devonshire, ló ni ilé náà títí di sáà 1950 sí 1959, Chatsworth, ilé ńlá wọn mìíràn, ni wọ́n sábà ń gbé, ìyẹn ni wọn ò fi fọwọ́ kan Hardwick púpọ̀. Nígbà tí Duke kan kú ní 1950, owó orí ogún wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n fi ilé yìí san án fún ìjọba, ó sì bọ́ sọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, lọ́dún 1959.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi parí àwòrán yẹn. Mo fi pẹ́ńsù kun àwọn fèrèsé ayédèrú dúdú, tíṣà rí i, ó bi mí ìdí ẹ̀, mo ṣàlàyé. Lẹ́tà ES, Elizabeth Shrewsbury, tí wọ́n gbẹ́ sórí àwọn ilé ìṣọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ni mo yà kẹ́yìn, àdé kékeré lórí ẹ̀. Mo fi ihò àárín àwọn lẹ́tà náà sílẹ̀ láìkùn, torí ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀.